Bí Ọdẹ́bùnmi Ṣe Wọ Igbó Awíjàre Nítorí Ẹ̀san

Ẹ sún mọ́ abẹ́ igi ìyeyè yìí dáadáa. Kí ẹni tí ikọ́ ń gbọ̀n wú u tán, kí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n fún un lọ́mú, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ ariwo. Èmi Ọdẹ́níran tí ẹ ń wò yìí ti pa ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan, mo sì jẹ ẹran inú rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ìrìn tèmi. Ìrìn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Ọdẹ́bùnmi, ọmọbìnrin tó wọ igbó tí èmi alára dé ẹnu rẹ̀ tí mo padà. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi padà. Àgbà tó bá ka gbogbo ohun tó bà á lẹ́rù fún ọmọdé, òun náà ni yóò máa pọn omi tí yóò fi wẹ̀.

Ọdẹ́tóyìnbó ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, òun sì ni olórí ọdẹ abúlé yìí nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ọdẹ́bùnmi náà ni. Láti ìgbà tó ti lè sáré ló ti ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sígbó. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó mọ orúkọ igi igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Ó mọ ohùn tí àgbọ̀nrín ń dún bó bá gbọgbẹ́ àti èyí tó ń dún bó bá ń wá ọmọ rẹ̀. Bó bá ń sun ìjálá, àwọn obìnrin á gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní ìlú Ahọ́ndiwúrà, nítorí ó fẹ́ di olùkọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní òfin kan: bí ènìyàn bá ti wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹnu rẹ̀ gbọdọ̀ sọ. Ẹni tí ebi ń pa, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi tọrọ oúnjẹ. Ẹni tí inú ń run, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ké. Gẹ̀ẹ́sì tí Ọdẹ́bùnmi sì kọ́ nílé ìwé abúlé kò ju èyí tí a fi ń kí olùkọ́ káàárọ̀ lọ. Bó bá ṣí ìwé, nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, àjèjì ni méje. Yóò wá ìtumọ̀ wọn nínú ìwé atúmọ̀ èdè, yóò kọ wọ́n sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, yóò máa kà wọ́n bí ẹni ń ka àdúrà. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, wọ́n á ti fò lọ. Ọmọ tó ń pe ẹranko kan ní orúkọ mẹ́fà nílé wá di ẹni tó ń fi ìka tọ́ka sí oúnjẹ tó bá fẹ́ jẹ.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọkùnrin gíga kan tó máa ń fún táì mọ́ra lọ́rùn títí ojú rẹ̀ yóò fi fẹ́ yọ. Ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé Yorùbá kò wá sí òun lẹ́nu mọ́, bí ẹni tó ń fi àrùn yangàn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ará abúlé wa kan mú ìròyìn tọ Ọdẹ́bùnmi lọ pé bàbá rẹ̀ ti kú, pé ọ̀la ni a ó sin ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í la ẹnu gbàgà sọ pé ẹni ńlá kú. A máa ń ní ó papò dà. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni Ọdẹ́bùnmi, ẹ̀kọ́ ilé náà ló sì kó bá a. Ó fi omijé lójú lọ bá Ṣówándé. Ó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bọ̀wọ̀ fún òkú, kò rí. Ló bá mú "papò dà," ó tú u ní eyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wá jáde létí Gẹ̀ẹ́sì ni pé bàbá òun ti kó kúrò níbi tó ń gbé, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun láyè ọjọ́ méjì.

Ṣówándé rí omijé náà. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ó rí omijé náà. Ó béèrè bóyá ilé tuntun náà láyè ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tó lò kò yé ọmọ náà, ó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣówándé pe olùkọ́ méjì wá, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó mú un lọ síwájú kíláàsì mẹ́ta, ó ní kó tún un sọ níbẹ̀ náà. Igba akẹ́kọ̀ọ́ ló rẹ́rìn-ín. Kò sì fún un láyè. Ó ní ẹni tó bá kó lọ sílé tuntun yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà ìsinmi.

Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a kọ ọ́ sí ìwé, kí wọ́n tó jẹ́ kó máa bọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ ti gbẹ lórí sàréè. Ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí kò bu erùpẹ̀ sí i lára. Èmi àbúrò ni mo bù ú.

Ọdẹ́bùnmi kò sunkún. Ó wọ yàrá bàbá rẹ̀, ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ jáde, ó bi mí níbi tí ẹ̀tù wà. Mo bi í pé ẹran wo ló fẹ́ lọ yìn. Ó ní ẹran náà ń di táì.

Ojú mi pọ́n ju tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má tan ara yín jẹ. Ṣùgbọ́n mo gbá ẹnu ìbọn náà mú, mo ní, "Bí o bá yìn ín, yóò kú, ìtìjú rẹ yóò sì wà láàyè. Ohun tó fi nà ọ́ ni kí o lọ wá."

Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń rí i, Bàbá?"

Nígbà náà ni mo sọ fún un nípa Igbó Awíjàre. Ní àárín igbó náà ni àká ńlá kan wà, tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn tó ń kọ́ èdè àjèjì sí, olúkúlùkù nínú igbá tirẹ̀. Ọwọ́ baba arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Alákàá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lè jí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń sùn, ó sì lè fọ́ igbá ọ̀tá rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi gbọ́ gbolóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ju ti ìṣáájú lọ. Ó ki ìbọn, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó kí mi pé ó dàbọ̀.

Ẹnu igbó náà ló ti pàdé iwin kan tó ní ara kan àti ojú mẹ́fà. Ojú kan wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lórí àtàrí, ọ̀kan láàárín àyà, gbogbo wọn sì ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: Ta. Ó dí ọ̀nà, ó ní, "Mo ta. Kí ni mo ṣe?"

Ọdẹ́bùnmi dáhùn pé ó ta ọfà ni. Iwin náà gbá a létí, ó wó lulẹ̀. Ó ní òun kò ta ọfà, ayò ni òun ta. Ó tún béèrè, ọmọ náà ní ó ta ayò ni. Ó gbá a ní ìkejì, ó ní òun ti pa ayò tì, kókó ni òun ta sídìí okùn. Nígbà tí ọmọ náà dáhùn kókó, iwin ní òun ta aládùúgbò òun lọ́rẹ ni. Nígbà tó dáhùn ọrẹ, ó ní òun ta á bí akèékèé ṣe ń ta ènìyàn ni, ó sì ta á lóòótọ́, itan rẹ̀ wú. Báyìí ni wọ́n ṣe títí oòrùn fi kan àtàrí. Gbogbo ìgbà tó bá ṣubú, ojú tí kò bá a sọ̀rọ̀ ni yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dún bíi ti kíláàsì mẹ́ta wọ̀nyẹn.

Ó jókòó sínú eruku. Ó wá ń ronú pé ta ló kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ yìí nílé tí kò fi dà á rú rí. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí bàbá rẹ̀ bá ní "ta á" tí okùn wà lọ́wọ́, ó mọ̀ pé kókó ni. Bí wọ́n bá jókòó ti ọpọ́n, ó mọ̀ pé ayò ni. Bí wọ́n bá dúró lórí ebè, tí bàbá ní èyí mà ta o, ó mọ̀ pé iṣu ló fi ń yangàn. Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn, ẹni tó bá ń bá a kọ́wọ̀ọ́ rìn la fi ń dá a mọ̀.

Iwin náà tún bẹ̀rẹ̀. "Mo ta. Kí ni mo ṣe?"

Ọdẹ́bùnmi dìde, ó ní, "Kí lo ta?"

Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Iwin náà ní ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí ẹnì kan ti bi òun bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ojú kan ni wọ́n máa ń já mọ́ òun lára sáré lọ, bí wọ́n bá wá pàdé ojú kejì níbòmíràn, wọ́n á ní àwọn kò mọ òun rí. Ó ní àwọn mọ̀lẹ́bí òun pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ju ewé lọ, kó máa béèrè ẹni tí wọ́n bá rìn kó tó kí wọn. Ó yà lọ́nà fún un. Ọdẹ́bùnmi kọjá tán, ó yíjú padà, ó gbá ojú ẹ̀yìn létí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nítorí ọmọ ọdẹ kì í gba ìgbájú kó má dá a padà.

Lẹ́yìn èyí, ó já sí pápá kan tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bà sí bí eṣú. Inú rẹ̀ dùn. Ó ki ọ̀ọ́dúnrún bọ àpò, ó di ẹnu rẹ̀ pa, ó gbé e wọ ìlú tó wà níwájú, ó gba yàrá, ó sùn. Ìlú náà ni wọ́n ń pè ní Ìgbàgbé. Imú àwọn ará ibẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́ mẹ́ta. Nígbà tó jí tó tú àpò wò, ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló kù níbẹ̀. Ó jáde, ó rí àwọn ará ìlú lójúde tí wọ́n ń gùnfẹ̀, wọ́n ti gbóòórùn ọ̀rọ̀ inú àpò rẹ̀, wọ́n sì ti jẹ ẹ́.

Ọdẹ́bùnmi di ọ̀kan nínú wọn mú lọ́rùn, ó ti ẹnu ìbọn bọ̀ ọ́ nínú ikùn, ó ní kó pọ ọ̀rọ̀ òun. Ìyá arúgbó kan tó ni ilé náà, Yèyé Ìrántí, ló bá a mú ìbọn sílẹ̀. Ó bi í pé àwọn mọ́kànlá wo ló kù. Ọdẹ́bùnmi kà wọ́n: omi, ẹní, iyọ̀, ilẹ̀kùn, àti àwọn tó kù tó fi gba yàrá lọ́wọ́ ìyá náà ní ìrọ̀lẹ́ àná, títí kan èyí tó fi ṣépè nígbà tó kọsẹ̀.

Yèyé Ìrántí ní, "Èyí tó o fi ṣiṣẹ́ kò rùn sí wọn, ọmọ mi. Èyí tó o dì sápò ló ń rùn."

Oṣù mẹ́rin ni Ọdẹ́bùnmi lò níbẹ̀. Kò kó ju ọ̀rọ̀ méjìlá lọ lójúmọ́ mọ́, kò sì sí èyí tó ń jókòó lásán nínú wọn. Ó fi wọ́n ra ata, ó fi wọ́n bá àwọn onímú gígùn jà, ó fi wọ́n pa àlọ́ fún ìyá arúgbó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ó fi èédú ya Ṣówándé sára ògiri yàrá rẹ̀, gíga bó ṣe ga, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tó bá mú wálé, yóò wá ibi tí yóò kàn án mọ́ ọn lára. Ó kan ìtìjú mọ́ iwájú orí. Ó kan ìfọ́nnu mọ́ táì. Ó kan ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó kan ìwọ̀sí mọ́ ètè, ó kan ìjìyà mọ́ gbogbo egungun ìhà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ yóò dúró níwájú ògiri, yóò ka ọkùnrin náà láti orí dé èékánná ẹsẹ̀, yóò tutọ́ sílẹ̀, yóò lọ jẹun. Ìbínú rẹ̀ di iyọ̀. Ohun tí a bá sì fi iyọ̀ pa kì í rà. Àwọn ará Ìgbàgbé á gbóòórùn títí, wọ́n á fi ebi lọ sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí bí ẹni pé mo ń parọ́, ẹ lọ bi Ọdẹ́bùnmi, ó ṣì wà láàyè. Ojú mi ló fi ka àwọn ọ̀rọ̀ náà fún mi, n kò sì gbọ́ ẹyọ kan.

Nígbà tó yẹ, ó dé àká náà. Alákàá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn dé àyà, eyín kan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀ kí i, lẹ́yìn náà ló sọ pé igbá Ṣówándé ni òun wá wò. Baba náà kò bi í léèrè ìdí. Ó gbé igbá kan tó kún fún eruku sílẹ̀, ó ṣí i.

Ọmọ náà bojú wò ó, ó rò pé baba náà ṣì í mú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Bóyá wọ́n tó irinwó, bóyá wọn kò tó, etí gbogbo wọn ti yọ́ bí ọṣẹ àlòkù. Alákàá ní ó ti tó ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ tuntun kankan ti wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi ọkùnrin náà ṣe olùkọ́, kò kẹ́kọ̀ọ́ mọ́, ìwọ̀nba yìí ló ń nà mọ́ àwọn ọmọ lórí, nítorí kò sí ẹni tó jẹ́ bi í ní ìbéèrè. Ọdẹ́bùnmi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ó dìde, ó na ìbọn sí igbá náà.

Alákàá ní, "Fọ́ ọ bó bá wù ọ́. Ẹnu rẹ̀ yóò yadi ní Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò ní àìsàn ni, wọn yóò máa gbé oúnjẹ lọ kí i."

Ọdẹ́bùnmi dúró pẹ́, ìka rẹ̀ wà lórí ìbọn. Ó ń wo àwọn ènìyàn tó ń káàánú Ṣówándé lójú inú rẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń pè é ní ọkùnrin rere tí àìsàn bá jà. Ó sọ ìbọn náà kalẹ̀. Ẹ̀san tí ẹni tí a ń san án fún kò bá mọ ohun tó ṣe, òfò ni. Ó ní kí baba náà dé igbá ọ̀tá òun, kó gbé ti òun wá.

Igbá tirẹ̀ wúwo débi pé ẹni méjì ló gbé e. Ó kún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sùn pọ̀ ju àwọn tí ojú wọn là lọ: ọ̀rọ̀ tó bá rí nínú ìwé tó mọ̀, tí kì í wá sẹ́nu bó bá nílò wọn. Alákàá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti jí wọn. Ó tọ́ka sí gbọ̀ngàn kan. Inú ibẹ̀ ni àwọn Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí, iwin ọgọ́rùn-ún tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fi ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ méje ni ènìyàn yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀ láìjókòó.

Ẹ̀yin ará mi, kìnnìún kò bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n n kò lè wọ ibẹ̀. Ọdẹ́bùnmi wọlé. Ó la ẹnu, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan, ọgọ́rùn-ún iwin sì tú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka sí i, wọ́n ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí sí ọ̀nà àbájáde kó tó rántí igba akẹ́kọ̀ọ́, kó rántí ilẹ̀ tó ti gbẹ lórí sàréè. Ó yíjú padà, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀kan dá a lóhùn kó tó mọ̀ pé òun ti dáhùn. Ó gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó lò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ohùn rẹ̀ ti há. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti rẹ ìdajì wọn. Ní ọjọ́ keje, kò sí ẹ̀rín mọ́, iwin kan tó wà lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní kó jọ̀wọ́ parí ìtàn tó ń sọ nípa bàbá rẹ̀.

Bó ṣe padà wá bá wa nìyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ inú igbá rẹ̀ ti jí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ kan lọ́dún tí wọ́n máa ń ṣí ẹnu ọ̀nà fún àwọn òbí, ìjọba sì rán alábẹ̀wò kan wá lọ́dún náà, Ìyáàfin Ménsà, ará Gánà, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Èmi àti ọdẹ márùn-ún la tẹ̀ lé Ọdẹ́bùnmi lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí òbí tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde, òun ló dìde. Ìrèmọ̀jé bàbá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sun, èyí tí kò rí sun níbi ìsìnkú:

*Ọdẹ́tóyìnbó, ọkọ ìyá ìgalà,*
*Ọ̀nà tí o tọ̀ kò hu koríko, ẹsẹ̀ àwọn tó ń tọ̀ ọ́ pọ̀ jù.*
*Òwìwí dákẹ́, ó ní ta ló kù tí òun yóò kìlọ̀ fún?*
*Ìbọn rẹ fara ti ògiri, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ìyàwó tuntun.*

Ṣówándé fò dìde, ó ní a kì í sọ Yorùbá níbẹ̀. Ìyáàfin Ménsà ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀, pé ohùn rẹ̀ ń mú òun lára, kó kúkú bá òun túmọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ àgbà ni, kò lè sọ pé òun kò lè ṣe é. Ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní ọkùnrin náà fẹ́ ìyá ẹranko kan níyàwó. Ó ní ọ̀nà oko rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ìjọba bá wọn tún un ṣe. Nígbà tó dé ibi òwìwí, ó wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ títí, ó ní ẹyẹ kan tó burú. Ó ní ọkùnrin náà sì tún ní ìyàwó tuntun àti ìbọn. Ìyáàfin Ménsà bi í bóyá ọlọ́pàá ti mú ọkùnrin náà. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, òbí.

Ọdẹ́bùnmi dúró kí ẹ̀rín náà jinlẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tún un túmọ̀ fúnra rẹ̀. Kò tú u ní eyọ kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ìtumọ̀ rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, láti èdè kan bọ́ sí èkejì, kò sì fọ́. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo rí ojú Ìyáàfin Ménsà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú. Ọdẹ́bùnmi wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ Ajé náà títí dé ọjọ́ tó bá ilẹ̀ tó gbẹ.

Wọ́n bi Ṣówándé léèrè. Ó ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ọdẹ́bùnmi ní kó sọ ẹ̀fẹ̀ náà kí gbogbo ayé gbọ́. Ó sọ ọ́. Ó ní kó tún un sọ fún àwọn òbí tó wà lẹ́yìn. Ó tún un sọ. Ó ní kó tún un sọ fún àwa ọdẹ. Ní ìgbà kẹta, ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọdẹ́bùnmi ní ìyẹn kéré. Ó ní ibi tí ọkùnrin náà dí òun lọ́wọ́ láti dé ni kó dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ṣówándé wọ abúlé wa lọ́sàn-án gangan, òun nìkan, láìsí táì lọ́rùn. Àwa ọdẹ tò yí sàréè ẹ̀gbọ́n mi ká. Ọdẹ́bùnmi ti kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín máa ń jẹ́ kí ìtìjú tètè parí.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdẹ́bùnmi ní, "Bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ó wá di dandan kó wá Yorùbá tó ti fi ogún ọdún sọ pé òun ti gbàgbé. Ó ń ta kọ́ọ̀kọ́ọ̀ bí ọmọ ọdún méjì. Ó fẹ́ sọ pé òun bẹ bàbá, ó ní òun bẹ́ bàbá. Ọdẹ́bùnmi ní kó tún un sọ. Ó sọ "ìwọ" fún òkú àgbà. Ọdẹ́bùnmi ní kó tún un sọ. Àwa dúró, oòrùn ń pa wá, a kò mi. Òjìji wa ti ń gùn nígbà tó tó rí i sọ jáde pé, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ yín bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun wá sin yín. Mo fi ikú yín ṣe ẹ̀rín."

Ó kúnlẹ̀. Ó yíjú sí Ọdẹ́bùnmi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kó dárí ji òun.

Ọdẹ́bùnmi ti gbé ìbọn bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní, "Bàbá mi lẹ bá sọ̀rọ̀, sà, kì í ṣe èmi. Nígbà tó bá dá yín lóhùn, ẹ wá sọ fún mi."

Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé, a tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn níbi kọ́nà, ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti dẹ etí kan sílẹ̀.

Ohun tí ojú mi rí nìyí. Ẹni tó bá rí èyí tó jù ú lọ, kó wá gba ìjókòó mi.